Ìtẹ́ Orí Igi Ọdán

Bí ẹ bá rí Kíkẹ́lọmọ ní Alaba Rago láàárọ̀ Sátidé, tí ó dúró sáàárín màlúù àti ìgbẹ́ màlúù, tí ó gbé awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà sójú, ẹ ó rò pé màlúù ló fẹ́ rà. Kò rà á rí. Lékeléke ló ń wò. Àwọn Hausa tó ń ta ẹran níbẹ̀ ti wò ó títí, wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Òun náà ti wò wọ́n, kò rí nǹkan kan tó lè fi wọ́n ṣe. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ti ń bá màlúù gbé láti kékeré, tí kò mọ̀ pé èyí tó ń rìn ni lékeléke máa ń tẹ̀ lé, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ń ta tata àti kòkòrò jáde nínú koríko, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sàn ju òpó tí wọ́n so ẹran mọ́ lọ. Kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀. Kí ló fẹ́ bi òpó?

Tíṣà ni Kíkẹ́lọmọ. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Okokomaiko, ó sì tún ń lọ sí yunifásítì fún oyè kejì, níbi tí ó ti ń ṣe ìwádìí lórí ìwà lékeléke àti ibi tí wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó fi iṣẹ́ kápẹ́ńtà rán an níwèé, máa ń sọ pé láti kékeré ni ọmọ yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń yínmú. Òótọ́ ni. Ó yínmú sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń pe àdán ní ẹyẹ. Ó yínmú sí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ta ankárá àti ẹ̀wù ọmọdé fún ara wọn láàárín iṣẹ́. Ó yínmú sí Dókítà Oyèbámijí, alábòójútó ìwádìí rẹ̀, ẹni tó wá sí Alaba Rago lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó ti inú mọ́tò wo ọjà náà láìsọ gíláàsì kalẹ̀, tí ó ní ẹrẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù fún bàtà òun, tí ó sì padà sílé. Ti Dókítà yìí, Kíkẹ́lọmọ kò jẹ̀bi. Àmọ́ imú tó ń yín kò mọ sórí Dókítà.

Ohun tí Dókítà mọ̀, tí àwa náà sì mọ̀, ni pé àlejò ni lékeléke ní Èkó. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ni wọ́n ń dé; bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á kọjú sí Òkè Ọya, wọ́n á lọ yé síbẹ̀. Lọ́dún yìí, òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Kíkẹ́lọmọ rí ọ̀kan tó fò kọjá lójú fèrèsé rẹ̀ ní Igbó-Elérin, ní Ojo, tí ó fi ẹnu gbé wáyà. Irú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń tú tẹlifíṣọ̀n ní Alaba máa ń dà nù ni. Ẹyẹ náà bà sórí igi ọdán ńlá tó wà nínú ọgbà Bàbá Mákindé, ní òdìkejì títì. Ó tẹríba fún èkejì tó wà níbẹ̀, ìyẹn gba wáyà, ó tì í bọ àárín igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti ń tò jọ. Bí ó ti yíjú báyìí, aládùúgbò rẹ̀ jí wáyà náà lọ. Orí wọn tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí ẹni pé epo ta sí i. Kíkẹ́lọmọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣègbéyàwó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yé, tí wọ́n sì pa. Ọmọ lékeléke burẹ́wà, ká sọ tòótọ́. Ẹnu àti ọrùn ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ ṣákiṣàki díẹ̀ lórí. Kíkẹ́lọmọ fẹ́ràn wọn débi pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ròyìn fún Dókítà, Dókítà kò gbà. Ó ní àwọn ẹyẹ tó ṣìnà ni, wọn kò ní tọ́ ọmọ kankan yọrí nínú irú ariwo yẹn. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni Kíkẹ́lọmọ ń fẹ́ láyé: kí àwọn ọmọ náà fò. Bí wọ́n bá ti fò, ẹnu Dókítà ti pa, Ojo ti di ilé lékeléke, òun sì ni ẹni tó rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni Bàbá Mákindé. Ọmọ bíbí Ojo ni, onílé ni, iṣẹ́ tó sì ń ṣe láyé kò ju kí ó jókòó sẹ́nu géètì, kí ó máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ó ní mọ́tò kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wà. Abẹ́ igi ọdán ló ń gbé e sí. Ìyókù, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà, wo mọ́tò mi," ó wí. "Wò ó dáadáa. Ṣé mọ́tò lèyí àbí ṣáláńgá?"

"Bàbá, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi."

"Nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi? Kí n máa sá fún ẹyẹ?" Ó pòṣé. "Lọ́la, oní-ẹ́ńjìnì agégi ń bọ̀ wá gé igi náà."

Kíkẹ́lọmọ wo ikùn rẹ̀ tó yọ lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì pinnu pé kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ tó máa wọ ibẹ̀ yẹn. Kò sọ fún un pé ọmọ ló wà lókè, pé bí ó bá lè mú sùúrù díẹ̀, wọ́n á ti fò lọ. Ó kàn sọdá padà sílé.

Nígbà tí oní-ẹ́ńjìnì dé lọ́jọ́ kejì, tí ó ti ń fa okùn ẹ́ńjìnì rẹ̀, Kíkẹ́lọmọ sáré jáde láìwọ bàtà. Ìgbà náà ni Wòlíì Timothy ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni, yàrá méjì tí wọn kò tíì rẹ́ ní ẹ̀yìn ọgbà Mákindé, tí ìjọ háyà. Wòlíì yìí, táyà ló ń lẹ̀ ní ìdíkọ̀ Iba. Bí ó bá ti kúrò nídìí táyà, a máa ríran. Kíkẹ́lọmọ máa ń sọ pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì, pé afẹ́fẹ́ ló kàn ń fẹ́ sínú nǹkan.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," Kíkẹ́lọmọ wí fún oní-ẹ́ńjìnì, ó ń mí gúlegúle. "Ìtẹ́ wà lókè níbẹ̀."

Wòlíì dúró. "Ìtẹ́ kẹ̀, Àǹtí Tíṣà?"

Orúkọ kan náà ni ilé ẹyẹ àti àga ọba ń jẹ́ lẹ́nu wa, ẹni tó bá sì ń ka Ìwé Ìfihàn tọ̀sán-tòru, àga ọba ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kíkẹ́lọmọ wo ojú Wòlíì, ó rí ibi tí ọkàn rẹ̀ gbà lọ, ẹ̀gàn sì gùn ún débi tí kò lè pa ẹnu mọ́.

"Ìtẹ́ ni mo wí. Ṣé ẹ ò rí àwọn aláṣọ funfun tó yí i ká ni?"

Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ọmọ kékeré ì bá ti mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni. Wòlíì Timothy gbójú sókè, ó rí lékeléke báyìí lórí igi, funfun báláú. Ó wo ẹsẹ̀ Tíṣà tí kò wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí òun àti ìjọ rẹ̀ kì í ti í wọ bàtà lórí ilẹ̀ mímọ́. Ó sì kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Oní-ẹ́ńjìnì pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Mákindé, tí ìdajì àwọn ayálégbé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Wòlíì, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí oní-ẹ́ńjìnì ṣì máa lọ ná.

Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín dénú yàrá rẹ̀. Ó lè pe Wòlíì padà. Ó tilẹ̀ rò ó. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé àwọn òmùgọ̀ wọ̀nyí ti di ọgbà yí igi òun ká lọ́fẹ̀ẹ́, pé kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣọ́ ọ báyẹn. Ó pe Dókítà Oyèbámijí lórí fóònù, ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú Kíkẹ́lọmọ dùn pé òun pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tó ń yínmú sí ọkùnrin yìí láti àná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, níbi ìpàdé àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹyẹ, kí ó lọ sọ nípa igi rẹ̀. Ó ń di báàgì lọ́wọ́ nígbà tí Wòlíì kanlẹ̀kùn.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A fẹ́ máa ṣe ìsìn lábẹ́ igi náà, títí Olúwa yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ rí i, kò dáa ká má bi yín. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?"

Ó mọ̀, ju ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ojo lọ, pé lékeléke tó ń tọ́mọ kì í gba èrò lábẹ́ ìtẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dẹ́rù bà á, yóò fò, bí ó bá sì fò, àwòdì ti ń wò láti òkè. Ó mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n mélòó ni yóò sọ fún alẹ̀táyà? Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Mọ́tò ń dúró dè é.

"Ẹ máa ṣe é jẹ́jẹ́," ó wí.

Jẹ́jẹ́, fún ìjọ tó ní agogo àti gbohùngbohùn, tí wọ́n ń gbọ́ hálélúyà wọn dé Navy Town.

Ní Ìbàdàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó padà dé, òórùn tùràrí ló kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó rí ohunkóhun. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ìdí igi ọdán, oje àbẹ́là ti ṣàn sára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹnì kan ti gùn ún dé òkè pátápátá, ó ti so àgbélébùú oníná pupa àti aláwọ̀ ewéko síbẹ̀. Àwọn ìtẹ́ kan ti dojú dé, wáyà wọn ń fì nínú atẹ́gùn. Kò sí funfun kankan lórí igi. Àwòdì kan jókòó sí ẹ̀ka òkè, ó ń nu ẹnu rẹ̀ mọ́ igi.

Wòlíì Timothy nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí Tíṣà. Wọ́n ti lọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. "Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lu agogo, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, a rò pé ògo ni. A tún lu agogo sí i. Àwòdì wá dé. Àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sáàárín wa. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni, mo mọ̀. Gbogbo ìjọ ló wà nínú ààwẹ̀ báyìí, títí kan àwọn ọmọ. Ẹ̀yin lẹ rí ìtẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bèèrè ohun tí a ṣe."

Ìwà Kíkẹ́lọmọ ni kí ó yínmú. Imú kọ̀, kò yín.

"Ẹyẹ ni wọ́n, Wòlíì," ó wí. "Ìtẹ́ ẹyẹ. Ibi tí wọ́n ń kó ọmọ wọn sí."

Wòlíì bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo rò?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo wá bi yín léèrè ńkọ́?"

Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa wáyà kan tó já bọ́ nílẹ̀.

"A ti sin àwọn kéékèèké náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ibẹ̀ yẹn. A fi aṣọ dì wọ́n. A ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, àmọ́ a rí i pé ọmọ ni wọ́n." Ó dìde. Kò pariwo, kò sì bínú lójú. "Ẹ̀ bá ti sọ pé ẹyẹ ló ń tọ́mọ níbẹ̀. Inú ilé là bá jókòó sí. Àǹtí Tíṣà, ṣé ẹ rò pé a ò ní gbọ́ ni?"

Ohun tó rò gan-an nìyẹn. Kíkẹ́lọmọ wá bí yóò ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní burú tó bó ṣe burú, ó wá a títí, kò rí i. Wòlíì kò tilẹ̀ dúró dè é. Ó ti wọlé lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n lọ jẹun.