Gọ́tà Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bàbá Páànù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òrùlé ló ń kàn, kò sì lè kí ènìyàn tán kí ojú rẹ̀ má tíì gòkè lọ wo páànù onítọ̀hún. Bó bá rí ibi tí ìṣó ti yẹ̀, á mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá kan òrùlé tán, kì í gba oríyìn lọ́wọ́ onílé títí yóò fi wọ ẹ̀wù funfun, tí yóò jókòó sí àárín yàrá, tí yóò sì ní kí wọ́n máa da omi sórí páànù láti òkè. Bí omi bá kán sí i lára, iṣẹ́ ò tíì parí nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀wù funfun yẹn tutù.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, tó ní kó bá òun dá ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òun.

Ìdí wà níbẹ̀ o. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń gbóná bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Bàbá Páànù wá rí ọkọ̀ eré-ìje kan nínú tẹlifíṣọ̀n, ihò wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ooru ń gba ibẹ̀ jáde. Ó rò ó títí, ó rí i pé kò sí ohun tó ya ọkọ̀ òun sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ yẹn bí kò ṣe ihò. Wọ́n gé mẹ́ta sí apá ọ̀tún, mẹ́ta sí apá òsì, wọ́n sì gbé ẹnu wọn sókè díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja. Kí a sọ òtítọ́, ẹ́ńjìnnì tutù. Bàbá Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wakọ̀ kọjá níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó ní ó dára, pé tí òjò bá dé ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ìyá Bàbá Páànù ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí ojú ìyá yìí ti ń ṣú bọ̀. Ti òsì ti fọ́ pátápátá. Ti ọ̀tún ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ènìyàn. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ sí i, yóò padà ríran dáadáa. Bó bá pẹ́ jù, kó máa fi ọwọ́ wá ọ̀nà títí ayé. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Bàbá Páànù ní kò sẹ́ni tí yóò gbé ìyá òun dé ọsibítù àfi òun, nínú ọkọ̀ òun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà kò rí ọjọ́ mìíràn rọ̀ àfi ọjọ́ yẹn. Abẹ́ ihò apá ọ̀tún gan-an ni àpótí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wà, bébà tó ń sẹ́ eruku ló sì wà nínú rẹ̀. Omi dà sí i, bébà mu omi yó, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tún húkọ́, ó sì dákẹ́ sórí afárá. Ìyá jókòó lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ tí kò níhò ṣe ń kọjá lọ. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, dókítà ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì dá ọjọ́ mìíràn fún wọn, ó sì là á yé wọn pé bí wọ́n bá tún pa èyí jẹ, ìdí ìlà ni ìyá máa padà sí, ìlà náà sì gùn ju ohun tí ojú yẹn lè dúró dè lọ.

Ìyàwó ní kí wọ́n háyà takisí. Bàbá Páànù ní ṣé kí gbogbo àdúgbò wá rí ìyá òun nínú takisí, kí ọkọ̀ òun sì wà níwájú ilé? Mẹkáníìkì ní kó jẹ́ kí àwọn jó irin dí ihò náà. Bàbá Páànù ní wọ́n á sọ pé òun kábàámọ̀. Ẹni tó kábàámọ̀ kọ́ lòun. Ó fi ọ̀rá we àpótí náà mọ́lẹ̀ pinpin. Omi ò wọ ibẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ náà ò wọ ibẹ̀ mọ́, ọkọ̀ sì kọ̀, kò kúrò lójú kan. Ó fi aṣọ òjò bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru àtijọ́ padà wálé. Ó gbé ìdérí ìkòkò ìyàwó rẹ̀ lé ihò, ó fi okùn dè é. Ìdérí fò lọ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Mo wà lára àwọn tó bá wọn wá a nínú kòtò. A ò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mú ẹ̀wù funfun yẹn jáde. Ó ti lọ̀ ọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Bàbá wọn, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, kí n da omi.”

“Ọkọ̀ kì í ṣe ilé.”

“Ẹ̀yin náà lẹ dá fèrèsé sí i.”

Bàbá Páànù wọ ẹ̀wù. Ó fi igi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó gun àpótí ìjókòó kan, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀.

“Rọra dà á,” ohùn kan wá láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ṣé bí òjò ọjọ́sí ṣe rọra nìyẹn?”

Ó dà á. Ó tún bu òmíràn, ó tún dà á. Ọkọ ní ó ti tó. Ó ní kò tíì tó, kí ọkọ òun la ojú dáadáa.

Nígbà tó jáde, epo dúdú àti omi ti sọ ẹ̀wù funfun di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé omi ò já tààrà. Láti ẹnu ihò, ó ń rọ̀ mọ́ abẹ́ irin, ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kó tó wá kán sórí àpótí. Ohun tó sì ń bá jà lójoojúmọ́ lórí òrùlé nìyẹn. Níbi tí páànù méjì bá ti pàdé, kì í bá omi jìjàkadì, gọ́tà ló máa ń ṣe síbẹ̀ kí omi rí ọ̀nà gbà. Gbogbo èyí ló mọ̀ látìgbà èwe, àfi pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ní táyà.

Ó gé páànù pẹlẹbẹ, ó tẹ etí rẹ̀ sókè yíká, ó so ó rọ̀ sábẹ́ ihò, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru lè máa yí jáde. Ó mú kó dagun sí apá kan, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ darí omi lọ sẹ́yìn táyà. Ó wọ ẹ̀wù mìíràn, wọ́n tún da omi. Ẹ̀wù ò tutù. Láti ìgbà náà ló ti ń pe ènìyàn wá wo gọ́tà, bí ẹni pé gọ́tà ló kọ́kọ́ wà tó wá lọ ń wá ihò.

Ọjọ́ ọsibítù pé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Bàbá Páànù ti tan ẹ́ńjìnnì, ó ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ló bá rí takisí kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyàwó ọmọ òun pè é. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí gọ́tà ṣe dagun àti ibi tí rọ́bà gbà. Ìyá dúró lábẹ́ agboòrùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Gọ́tà náà á ṣiṣẹ́. Ojú kan ló kù fún mi, mi ò sì ní fi dán gọ́tà wò.”

“Màámi, mo ti dán an wò.”

“Ẹ̀wù lo fi dán an wò. Ẹ̀wù ṣeé fọ̀.”

Ó wọ takisí. Bàbá Páànù tẹ̀ lé wọn, òun nìkan nínú ọkọ̀, àga ẹ̀yìn ṣófo. Ọkọ̀ ò húkọ́. Ó gun afárá, ó sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú takisí sì sọ fún mi pé ó ń fọn fèrè sí àwọn lẹ́yìn, kí ìyá lè gbọ́ pé òun ṣì ń bọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Nígbà tí ìyá jáde pẹ̀lú owú lójú, òjò ò tíì dá, takisí sì ti lọ. Ó gbà kí ọmọ rẹ̀ gbé òun. Ó ní ohun tó kan òun lọ́jọ́ náà ti parí, kí ọkọ̀ kú síbi tó bá wù ú. Kò kú.

Nígbà tí wọ́n tú owú náà, ìyá rìn kiri inú ilé, ó ń wo nǹkan. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní ó ti rù. Ó wo ògiri, ó ní kí wọ́n kùn ún. Ó wá jáde síwájú ilé, ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ka ihò rẹ̀ dé mẹ́fà.

“Ṣé jàǹbá ni, àbí o sanwó fún wọn?”

Bàbá Páànù sáré wá síwájú ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi gọ́tà hàn án. Ìyá tẹrí ba, ó fi ìka tọ etí páànù náà láti òkè títí dé ìdí rọ́bà.

“Gọ́tà yìí dára,” ó ní, ó wá gbójú sókè wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Òrùlé yìí ni mi ò mọ ẹni tó kàn án.”