Ọjọ́ tí Bàbá Japan tú rédíò ara rẹ̀

Gbogbo àdúgbò Àgùdà l'Ékòó ló ń pe Adéríbigbé ní Bàbá Japan, kì í sì í ṣe pé ó dé ibẹ̀ rí. Ibi tó jìnnà jù tí mo mọ̀ pé ó dé ni Iléṣà, ilé bàbá rẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe, èmi sì ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, nítorí náà kò sí ìwàásù rẹ̀ tí etí mi kò gbọ́. Ìwàásù ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó bá ti Japan wá ni ojúlówó, èyí tó bá ti Taiwan wá, ẹ lọ dà á sórí ààtàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tó jẹ́ ti Taiwan, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀, tó bá ti ṣílẹ̀kùn tán, á yọjú sí mi, á ní, "Ìyá Ṣùbòmí, nǹkan yẹn ò tíì kú?" Á dùn mí, n ó fi ẹ̀rín bò ó, n ó sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ojúlówó Japan, wà lórí pẹpẹ, ó fi aṣọ funfun bò ó. Tuntun nínú páálí ló rà á ní 1981, kò sì tú u rí. Ó ní kí ni òun fẹ́ máa wá nínú ohun tí kò ṣàìsàn.

Ní 1988, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá. Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, àdúgbò wa náà ló ń gbé. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló bá a rà á bọ̀ láti Japan gan-an. Kásẹ́ẹ̀tì kò yí mọ́. Ó ń sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́, kò dúró kí wọ́n tú u lójú òun bí gbogbo ọmọ Èkó tó gbọ́n ṣe máa ń dúró.

Bàbá Japan tú u. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ló kú, nígbà tó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, Taiwan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àánú nọ́ọ̀sì náà ṣe é. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé nírọ̀lẹ́, Bàbá Japan fi ẹ́ńjìnnì náà hàn án.

"Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì o. Ẹnì kan ti tú rédíò yìí, ó yọ Japan inú ẹ̀, ó fi Taiwan rọ́pò ẹ̀."

"Ta ló tú u, sà?"

"Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Japan ò lè fi Taiwan sínú rédíò láéláé. Mo lè búra."

Fẹ́yìsayọ̀ mi orí. "Bàbá, inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni èmi fúnra mi ti yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tú u rí, àfi ẹ̀yin."

Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ. Bí Japan kò bá lè lo nǹkan Taiwan, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló tú u, òun ló jí ojúlówó nìyẹn. Èmi gan-an kò mọ ohun tí n ó rò. Mo mọ̀ pé Adéríbigbé kì í jalè. Ṣùgbọ́n mo ti ń gba ìwàásù Bàbá Japan gbọ́ láti ọjọ́ yìí, èwo ni kí n wá dá sí nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn tó gbé rédíò wá wá gbé e lọ láìtún un ṣe. Àwọn tó ti tún tiwọn ṣe láti èṣí wá ń bi í pé kí ló yọ níbẹ̀. Ọkùnrin náà rù. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ṣùbòmí, àbí mo ti ń ṣarán ni? Àbí mo pààrọ̀ ẹ̀ tí n ò mọ̀?" Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mo ń rán, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tó yá, Olúwajùwọ́n, àbúrò nọ́ọ̀sì, ti orí omi dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un wá ní ọjọ́ Sátidé kan kó wá jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí lóòótọ́ pé páálí náà kò ṣí lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló wá họrí.

"Ṣùgbọ́n sà, ọkọ̀ wa máa ń ná Taiwan sí Japan. A máa ń kó irú ẹ́ńjìnnì kéékèèké yìí láti Taiwan lọ fún wọn ní Japan. Tá a bá ń padà, rédíò là ń kó lọ sí Taiwan."

"Dúró ná," Bàbá Japan ní. "Taiwan ta ẹ́ńjìnnì fún Japan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Japan wá ta rédíò fún Taiwan, ẹ́ńjìnnì Taiwan sì wà nínú ẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà."

"Ta ló wá rẹ́ ta jẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ni jẹ, sà. Wọ́n ń bá ara wọn ṣòwò ni."

Bàbá Japan wò mí, èmi náà wò ó. Tí mo bá rán apá aṣọ fún télọ̀ kan, tó wá ta odindi ẹ̀wù náà padà fún mi, ìjà ni ì bá dà.

"Ọkọ̀ lo rí," Fẹ́yìsayọ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀. "O ò rí inú rédíò mi."

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ló bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe tú tiyín wò?"

Gbogbo wa yíjú sí aṣọ funfun orí pẹpẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Bó bá bá Japan níbẹ̀, olè ni. Bó bá bá Taiwan níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí ló kù fún un tí yóò máa wàásù?  Ó ká aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀, ó mú irin tó fi ń tú ìdè, ó sì tú u. 

Ó yí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Ó kàn tì í sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ka Taiwan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mo ti bà yín lórúkọ jẹ́."

"Dìde, ọmọ mi. Inú ò bí mi."

Òótọ́ ni, inú kò bí i. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó dè é padà, ó tàn án, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Ó pa á. "Láti ọjọ́ yìí wá," ó ní, "ta ni mo ń gbọ́?" 

Ní ọjọ́ Ajé, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Mo ń retí èébú rẹ̀. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó rọra gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ìyá Ṣùbòmí," ó ní, "ṣé ó jí ire?"

Mo ní ó jí ire.