Ohùn Mẹ́ta tí Tísà Kò Ta Mọ́

Àwọn tó ń sọ pé atẹ́gùn oníyọ̀ ló ba fáólìnì Tísà Olówòkéré jẹ́, irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi wà lára àwọn ọmọ tó kọ́, mo mọ ohun tó mú un gbé e kọ́ ògiri.

Ṣáájú ogun Hítílà, ọkùnrin yìí ti ta gòjé òyìnbó náà nínú gbọ̀ngàn ńlá l'Ékòó, tí àwọn òyìnbó aláṣẹ dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ìjọ ló ní kó wá máa kọ́ wa lórin ní Abereke, létí òkun.

Ohùn mẹ́ta ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: ọ̀kan láàárín, méjì lókè. A ó máa tún un ta títí. Kò mọ̀ pé ó bá orúkọ Moríkẹ́ mu gẹ́lẹ́.

Moríkẹ́ ni ọmọ Sàrátù, obìnrin tó ń yan ẹja nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Òkun ti gbé ọmọ náà lọ kí Tísà tó dé, a ò sì rí òkú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí omi.

Jùbrílù, bàbá ọmọ náà, ló wá bá a: "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tó bómi lọ lẹ ń pè." Ojú ti Tísà. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì pa ẹ̀kọ́ náà tì.

Kò pẹ́ ni Sàrátù fúnra rẹ̀ dé, tòun ti èéfín ẹja lára aṣọ. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Tísà, ẹ tún un pè. Ó ti ń dáhùn, ó ti ń sún mọ́ èbúté."