Lọ́fíńdà Ọjọ́ Jímọ́ọ̀

Bàbá mi ń ta lọ́fíńdà olóròóró ní Múṣin. Nílé wa, ẹni tó bá lọ kírun Jímọ́ọ̀ láìfi lọ́fíńdà para, ojú ọ̀bùn la fi ń wò ó. Àṣà yìí ni mo gbé dé ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá.

Iṣẹ́ wa ni ká máa fi ẹ̀rọ sìkáànì wo bí ọkàn ọmọ eku ṣe ń dàgbà. A ó tẹ́ ọmọ eku sórí pẹpẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó fi jẹ́ẹ̀lì sí i láyà, ọkàn tí kò tó hóró ẹ̀wà yóò sì máa lù lójú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn wọn débi pé mo máa ń kí wọn.

Àǹtí kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti kìlọ̀ fún mi: “Má fi lọ́fíńdà wá síbí o. Tí ìyá wọn bá gbọ́ òórùn àjèjì lára ọmọ, ó lè pa á jẹ.” Mo ní mo ti gbọ́.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, mo ti mọ́sálásí dé, mo fọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì yẹ ọkàn ọmọ eku méje wò. Ìbọ̀wọ́ náà kò bo ọrùn ọwọ́ mi, ibẹ̀ sì ni lọ́fíńdà wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá wọn ti jẹ gbogbo wọn tán.

Ọ̀gá wa ní Àǹtí ló febi pa ìyá eku tó fi jẹ àwọn ọmọ ẹ̀. Àǹtí ní, “Ọ̀gá, mo fún un lóúnjẹ, mo fún un lómi.” Ó wojú mi, mo wolẹ̀. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi kò tilẹ̀ dọ́jà. Ojo ni mí lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá a ní Tẹ́júoṣó níbi tó ti ń ta táwẹ́ẹ̀lì. Ó dì mọ́ mi, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“O ò tíì fi lọ́fíńdà yẹn sílẹ̀,” ó ní. “Mo gbọ́ òórùn ẹ̀ nínú àgò àwọn eku láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí n jẹ́ kó o fẹnu ara ẹ sọ ọ́.”

Oníbàárà kan pè é, ó lọ dá a lóhùn. Mo ra táwẹ́ẹ̀lì méjì tí n kò nílò. Nọ́ńbà ọ̀gá wa ṣì wà lórí fóònù mi, n kò sì tíì pè é.