Jákọ́bù Awọnlẹ̀ àti Èbúté Kọ́lájọ

Ní etíkun wa, ilẹ̀ kò pọ̀ tó omi, nítorí náà ìjà ilẹ̀ kì í tètè parí. Àṣà àwọn àgbà agbègbè náà ni pé láti ilé ẹni dé èbúté ẹni, tẹni ni. Àṣà yìí ni Kọ́lájọ, oníṣòwò ẹja kan nítòsí Mahintedo, fi rẹ́ ìdílé Olówòkéré jẹ. Kò pẹ́ tí Lawrence Olówòkéré kú tí Kọ́lájọ fi lọ ri òpó èbúté tuntun sí ìkángun ilẹ̀ olóògbé, níwájú ilé ara rẹ̀, tó ní gbogbo ohun tó wà láàárín ti di tòun. Ó lé Hánà, opó Lawrence, jáde. Orí ibojì ọkùnrin náà ló ń sá ẹja sí.

Jákọ́bù ọmọ wọn kò sunkún. Òkìtìpupa ló gbà lọ, ó ń bá awọnlẹ̀ ìjọba fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, títí òun náà fi di awọnlẹ̀. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ wọ ìjọ Ayétòrò, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ àjùmọ̀ní, òun ló wọn ibi tí wọ́n kọ́ ilé àti afárá pákó sí. Wọ́n ń wàásù ìdáríjì, ó ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kò wa ọkọ̀ kọjá ibojì bàbá rẹ̀ rí kí eyín rẹ̀ má pa keke.

Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ipa odò tuntun sí ẹ̀yìn ilé Kọ́lájọ. Ó kọ́ èbúté ńlá síbẹ̀ fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì pa ti iwájú tì. Ìgbìmọ̀ agbègbè wá ní kí wọ́n ri òkúta ààlà sí ilẹ̀ gbogbo. Jákọ́bù ni wọ́n rán, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ sì bá a lọ.

"Ọmọ Lawrence!" Kọ́lájọ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi lo gbé ẹ̀wọ̀n wá fún?"

"Ti ilẹ̀ ni, Bàbá. Èbúté yín dà?"

Ilẹ̀ etí odò tuntun ti wọ Kọ́lájọ lójú. Ó nawọ́ sẹ́yìn. "Àbí o fọ́jú ni? Òun nìyẹn."

"Ti iwájú ńkọ́?"

"Igi ìdáná lò ń pè ní èbúté?"

Jákọ́bù yíjú sí àwọn àgbà ìgbìmọ̀. "Ẹ gbọ́ o?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó fa ẹ̀wọ̀n láti ilé dé èbúté odò tuntun. Lẹ́yìn náà, ó ri òkúta ààlà ti iwájú sí ìdí àtẹ̀gùn Kọ́lájọ gan-an. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá náà.

Ilẹ̀ Lawrence padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Kíá ni Jákọ́bù àti Hánà fi í lé Ayétòrò lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i rà lẹ́yìn wọn.

Kọ́lájọ fa ewúrẹ́ kan wá sí Ayétòrò. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, yọ̀ǹda ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ fún mi. N kò ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀ níwájú ilé mi."

"Bàbá, ẹ ti pẹ́ jù. A kì í sọ pé 'tèmi' níbí. Báwo ni n ó ṣe fún yín lóhun tí kì í ṣe tèmi?"

"Ta ni kí n wá bẹ̀?"

"Gbogbo wa."

Hánà, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Jákọ́bù, gba ewúrẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Òun náà ti di tiwa."