Ibi Tí Ìyá Kì í Dé

Àbúrò mi ọkùnrin kò mọ orin kọ rárá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní àdúgbò Otokiti gbé e kúrò ní ìlà iwájú lọ sẹ́yìn, ó tún fọgbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú máa bá wọn to àga. Pàbó ló já sí. Àbúrò mi ní Ọlọ́run tó fún ọ̀pọ̀lọ́ lóhùn ló fún òun náà ní tòun, kò sì sẹ́ni tó ń lé ọ̀pọ̀lọ́ kúrò lódò.

Nígbà tó jáde yunifásítì tí kò sì ríṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti Otokiti lọ sọ́jà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra láìgbàdúrà, àdúrà ọ̀hún kì í sì í kúrú. Yóò gbàdúrà fún ọ̀nà, fún bíréèkì, àti fún ọjà tí èrò fẹ́ lọ tà. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Àlájà kan, ọmọ Ìlọrin, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń kánjú. Ọkùnrin náà ní, “Draifa, na church we dey go abi na market?”

Àlájà ní, “Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ń wá ọkọ, bá mi fi tiẹ̀ kún un.” Ó sì ṣe àmín tó ròkè ju tèmi lọ.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ àbúrò mi. Tó bá dé, egungun rẹ̀ á máa ro ó títí a ó fi gbé e dé ọsibítù. Ara rẹ̀ kì í tíì yá tán tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Lásárù jíǹde, òun ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yẹn ló ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ̀rín sí. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Wàràwàrà ni wọ́n ń sin ín, wọn á fi ìyá sínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọn kò sì ní fi ojú ibojì hàn án láéláé. Àbúrò mi ní, “Àǹtí, ọ̀dọ̀ Olúwa mi ni mò ń lọ, mi ò jalè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin mí bí ohun ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí Màámi wà níbẹ̀.” Mo bú u, mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo ṣèlérí fún un.

Mo sọ ọ́ fún Màámi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ìyá ìjọ ni wọ́n, wọ́n mọ Bíbélì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àṣà ń bà wọ́n ju ẹ̀rù Èṣù lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan ni àbúrò mi kú. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì bínú sí gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní títì. Bàbá wa ti ṣaláìsí tipẹ́, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wọn, tí àwa náà ń pè ní Bàbá, ló wá láti ilé, lápá Kàbà. Wọ́n kí wa ní “Okun o”, bí a ṣe ń kí ara wa nílé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí àwọn obìnrin mú Màámi wọ yàrá.

Mo ní, “Bàbá, ó bẹ̀ mí kó tó kú.”

“Ìyá tó bá rí ihò yẹn, ṣé ìwọ lo máa bá mi sin òun náà?” Wọn kò pariwo. Mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kì í ṣe ìkà. Mo wo Màámi bóyá wọn á sọ nǹkan, wọ́n sorí kọ́, wọ́n wọlé. Ó dùn mí wọra pé mi ò lè mú ìlérí mi ṣẹ.

Ní itẹ́ òkú, àwọn awakẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju àwa ẹbí lọ. Àwọn akọrin kọrin, ohùn wọn dọ́gba rẹ́gí, ìyẹn ló sì pa mí lẹ́kún jù. Pásítọ̀ ti ka “erùpẹ̀ fún erùpẹ̀”, wọ́n ti bu ti àkọ́kọ́ sí i, nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màámi ló sọ̀ kalẹ̀, ìró ilé ni wọ́n ró. Wọ́n ti sọ fún àwọn obìnrin pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n sì gba ẹ̀yìn kíṣìnnì jáde.

Bàbá nawọ́. “Ìyàwó wa, padà.”

Màámi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ kí Bàbá bí ìyàwó ilé ṣe ń kí. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo gbà á nígbà tó dé ayé.” Wọ́n dìde, wọ́n rìn dé etí ibojì, wọ́n wo inú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí pásítọ̀.

“Pásítọ̀, mi ò bá ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ tún un ṣe.”

Pásítọ̀ wo Bàbá. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú, wọ́n wá lọ di Màámi lápá mú torí ilẹ̀ ń yọ̀.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè,” ni Bàbá wí. “Ìyá rẹ̀ ti dé.”