Ìyá Mi Dé Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Ìtokò, ní Abẹ́òkúta. Ó ti pẹ́ nínú mi, kò sì fẹ́ rọ̀.

Kí a tó tẹ Abẹ́òkúta dó ni ogun ti kó ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n tà á lẹ́rú, wọ́n sì ń gbé e kọjá lójú òkun nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó gbà á sílẹ̀, tó mú un lọ sí Sàró, níbi tó ti di onígbàgbọ́. Ìyá wa kò mọ̀. Ó kàn ń bọ Yemọja, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá Àkànní, ẹ̀gbọ́n mi, padà.

Àkànní padà dé lóòótọ́. Ó wọ bàtà, ó wọ kóòtù, wọ́n ti ń pè é ní Dáníẹ́lì. Ìyá wa dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kì í jẹ nílé abọ̀rìṣà. Ẹ gbọ́ ná, obìnrin tó ti ń wọ̀nà láti ọdún pípẹ́ wá!

Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún èmi náà nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ní kí n má jẹ oúnjẹ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé ju gbogbo wa lọ, àdúrà sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n fi í ṣe olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá wa wẹ̀, ó ró aṣọ funfun, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ Yemọja lọ́rùn rẹ̀, ó dí ọ̀nà.

“Ìyá, ẹ já ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kí ẹ tó wọlé.”

“Àkànní, nítorí rẹ ni mo ṣe so ó mọ́rùn. Jẹ́ kí n wọlé ná. Bóyá ohun tí mo bá gbọ́ níbẹ̀ á jẹ́ kí n já a fúnra mi.”

“Ilé mímọ́ nìyí. Ẹ má kó ẹ̀gbin wọ̀ ọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìyá wa yíjú padà, mo sì sìn ín lọ sílé.

Nígbà tí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, inú bí i. Ó wá sílé wa, ó jókòó lórí ẹní, ó bẹ ìyá wa. Ìyá ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́. Ibà mú un lásìkò òjò, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò yọjú síbi ìsìnkú.

Ṣé ẹ rò pé ó kábàámọ̀? Ní kíláàsì, ìyá wa ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọlọ́kàn líle tó kọ ìhìn rere. Mo dìde.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kò kọ̀ ọ́. Ó wá, ẹ lé e.”

Ó ní kí gbogbo kíláàsì gbàdúrà fún mi, pé ẹ̀mí ìyá mi ló ń dà mí láàmú. Wọ́n sì kúnlẹ̀, wọ́n gbà á.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òun ṣì ni olórí. Ohun tí mo rí kọ́ kò dùn lẹ́nu: ìgbéraga tó bá wọ aṣọ ẹ̀sìn ṣòroó dá mọ̀, nítorí òun ló máa ń gbàdúrà sókè jù.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ máa rò pé ìyá tèmi nìkan ni wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà.